Ẹ̀wù Rón Tí Nábla Fi Pamọ́ Sájà

Àwa ará erékùṣù yìí kì í pa rón, ẹran òkun onírun tí ojú rẹ̀ jọ ti ènìyàn. Àwọn àgbà ní àwọn kan nínú wọn máa ń bọ́ awọ létíkun, wọ́n á di obìnrin. Ọkùnrin tó bá gbé awọ náà pamọ́ ló máa fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyàwó bá rí awọ rẹ̀, ó fi ọkọ fi ọmọ sílẹ̀ nìyẹn, ó di inú òkun.

Nábla aránṣọ, aládùúgbò mi, gba ìtàn yìí gbọ́ délẹ̀. Obìnrin tó rán ẹ̀wù àlùfáà, tó rán aṣọ ìkélé ilé-ìwé! Nígbà tí Féichín ọmọ rẹ̀ gbé Sorcha níyàwó, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ nínú òkun tútù, Nábla fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èyí kì í ṣe ènìyàn o."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ṣebí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá ẹ̀ nílùú Galway."

Kò gbọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí olè.

Ìgbà tó yá, àwọn onífíìmù dé, wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù obìnrin rón fáwọn ọmọdé. Nábla ló bá wọn rán ẹ̀wù awọ náà. Kí Sorcha má baà rí i kí àwọn onífíìmù tó wá gbé e, ó fi í pamọ́ sájà ilé wọn, lábẹ́ òrùlé koríko.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbá ilẹ̀kùn mi.

"Sorcha ti lọ! Ẹ̀wù ò sí lájà mọ́!"

"Ẹ̀wù tó o fọwọ́ ara ẹ rán?"

"Má bá mi jiyàn! Féichín wà lójú òkun, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òkun ń ru gidi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ba èmi náà. A sáré lọ sétíkun.

Sorcha la bá lórí òkúta, tó sá ẹ̀wù sí afẹ́fẹ́, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun ara ẹ̀wù náà.

"Màmá, òjò ti jò sí i lájà, ó ń rùn."

Háà! Ọkàn mi padà sí àyè rẹ̀. Nábla jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn tútù, ó bú sẹ́kún.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má lọ."

Sorcha sọ búrọ́ọ̀ṣì nù, ó kúnlẹ̀ tì í. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sì jọ rọra ń lọ sílé. Èmi ni mo ru ẹ̀wù tẹ̀ lé wọn, nítorí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.