Lẹ́yìn tí Obìnrin Iwin Padà Sínú Igbó

Ọdún tí mo bí ọmọ mi kejì, ọkọ mi kò sí nílé. Ó wà lápá òkè, níbi tí wọ́n ti ń la ojú irin tuntun, ó ń bá àwọn Faransé kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Èmi wà ní agboolé ìyá rẹ̀ lẹ́bàá Datcha nílẹ̀ Tógò, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí kì í dákẹ́ ẹkún àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ara mi ló wúwo. Bí mo bá tẹ̀ láti gbé ìkòkò, dídìde a di iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìkórè, èmi àti ìyá ọkọ mi a máa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ó máa yọ kóró kúrò lára òwú. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi máa ń wá fi orí lé mi lórúnkún.

"Màmá, ẹ sọ ìtàn obìnrin iwin."

Nílé ọkọ mi, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ní bí iwin bá gbọ́ pé à ń dárúkọ wọn nígbà tí oòrùn wà lókè, wọn á wá jókòó tì wá. Ọgbọ́n tí àwọn obìnrin ilé náà ń dá sí i ni pé wọn á fi aṣọ kan ṣoṣo borí ẹni tó ń sọ àti ẹni tó ń gbọ́, kí ilẹ̀ lè ṣú fún wọn. Èmi tí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kọ́ níwèé ní Lomé, tí mo mọ ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣú, èmi náà a borí, òógùn a máa ṣàn sí mi lójú.

Ìtàn náà ni ti àgbẹ̀ kan tó bá obìnrin iwin níbi tó ti ń wẹ̀ nínú odò ìsàlẹ̀ òkè. Obìnrin náà ti bọ́ aṣọ rẹ̀ sórí àpáta, aṣọ tó ń dán bí omi. Ọkùnrin yìí jí aṣọ náà, ó rì í sábẹ́ iṣu nínú àká. Láìsí aṣọ, iwin kò mọ̀nà ilé mọ́. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà, ó bímọ obìnrin fún un. Kò sọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ibà dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà títí ara rẹ̀ fi yá. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà lọ mú iṣu, ó rí aṣọ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó sì lọ, ó padà sínú igbó.

"Ibẹ̀ ló parí sí."

"Kò parí. Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀."

"Ta ló ń dirun fún un?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Torí pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn sísítà. Wọ́n ń wá olùkọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Notsé. Mo lè gbé ọmọ ọwọ́ dání, ṣùgbọ́n yàrá náà kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé nínú ìdílé ọkọ mi, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ni àkọ́bí obìnrin máa ń dàgbà sí. Ọkọ mi kọ̀wé pé kí n lọ. Ìyá ọkọ mi ní òun gbà. Èmi fúnra mi, kí n má purọ́, ọkàn mi fò sókè. Ọmọ kan péré, ẹfun ìkọ̀wé, ilẹ̀kùn tí mo lè tì. A kò sọ fún ọmọ náà. A rò pé kò gbọ́.

Mo ní aṣọ aláwọ̀ aró kan tí mo rán ní Lomé kí n tó lọ́kọ. Òun ni màá wọ̀ lọ kí àwọn sísítà. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ku ọjọ́ méjì kí n wọ ọkọ̀ ojú irin, mo wá a tì.

Ìyá ọkọ mi ni ọkàn mi lọ bá. Òun a máa bu omi sídìí igi àwọn baba rẹ̀, èmi ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láṣọ mi."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tí ẹ kò fẹ́ kí n wọ̀ lọ."

Ó gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, bí n kò bá fẹ́ kí o lọ, ṣé aṣọ ni màá gbé pamọ́? Ìwọ gan-an ni màá gbé. Bí o ṣe rù yìí, o fúyẹ́ ju aṣọ náà lọ."

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹni tó ń bọ igi, kí ni kò lè jí?"

Ẹ̀rín dá. Ìyá ọkọ mi kó òwú rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé. Lálẹ́ ó gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà láìpè mí. Ọmọ mi kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Láàárọ̀, ìyá ọkọ mi lọ mú iṣu, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú àká.

"Ìyàwó, wá wo olè rẹ."

Ọmọ mi ló jókòó lórí iṣu, ó di aṣọ aláwọ̀ aró náà mọ́ àyà. Eku ti jẹ apá kan lára aṣọ náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ìyá bàbá rẹ̀ ló ń bẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kó rí i. Bó bá rí i, á lọ." Ó ń wò mí bí ẹni ń wo iwin.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ mi níbẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi ní, "Dìde. Èmi ti dàgbà, ọ̀rọ̀ á kúrò lára mi. Ọmọ rẹ ni kí o lọ bá."

Àwa mẹ́ta la jọ borí lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà náà ki orí bọ abẹ́ aṣọ, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ apá tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Mo ní inú bí àwọn ará abúlé pé iwin náà fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dáná sun igbó nígbà ọyẹ́. Iwin náà wá mú kí odò gbẹ. Àwọn èèyàn ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọnmi, èéfín ń há iwin lọ́fun.

"Ta ló ṣẹ́gun?" Ìyá ọkọ mi ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, Ìyá. Ó ti rẹ gbogbo wọn."

"Ìyẹn jọ òótọ́."

Mo ní ọkùnrin náà lọ sétí igbó láìmú àdá dání, ó ní, "Èmi ni mo jí aṣọ rẹ. N kò wá mú ọ. Mo wá sọ pé mo jí i ni." Obìnrin náà sì jáde sí i.

"Ṣé ó dúró," ọmọ mi bi mí, "àbí ó tún lọ?"

Ooru mú lábẹ́ aṣọ náà. Mo ń gbọ́ èémí wọn méjèèjì.

"Ó dúró," mo wí.

"Lọ́la ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ lọ́la."

Ó jẹ ẹ̀là iṣu méjì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo kọ̀wé sí àwọn sísítà pé kí wọ́n fún mi lọ́dún kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé, ọmọ mi sì jókòó tì mí nígbà tí mo ń kà á.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ti rí ẹlòmíràn."

Ó wò mí títí. "Ṣé inú ń bí yín?"

"Ó ń bí mi díẹ̀."

"Sí mi?"

"Rárá," mo wí. Mo tètè sọ ọ́, ó sì kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́.