Ahun Tó Ń Ṣọ́ Ẹyin

Òórùn suẹ́tà tó ti gba òjò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, àti ti epo jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ni, lẹ́bàá Bauchi Road, níbi tí ọmọ mi ti ń kàwé nígbà náà. Ìwọ náà mọ bí òtútù Jos ṣe ń rí nínú oṣù keje. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní níwájú, àwa òbí wà lórí àga oníke lẹ́yìn, gbogbo wa ká apá mọ́ àyà. Wọ́n ti ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n fẹ́ fi kàtúùnù kan hàn wá.

Ọ̀gá ilé ìwé ló ránṣẹ́ pè wá. Àwọn òbí kan ti ń ráhùn pé èyí tí wọ́n ń fi han àwọn ọmọ lọ́jọ́ Jímọ̀ ti le jù, pé ìjà àti ariwo ló kún inú rẹ̀. Ó wá wá èyí tó tutù, ó ní kí á wá wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, kí oníkálùkù sì sọ èrò rẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ni kí òun máa mú wá. Torí pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí, èmi ni mo máa kọ èrò àwọn èèyàn sílẹ̀. Èmi àti bàbá mi la jọ lọ. Ọ̀rọ̀ kan sì wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fẹ́ rán mi lọ sí Abuja fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta. Ọmọ mi kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Port Harcourt niṣẹ́ ọkọ mi wà, oṣù méjì méjì ló ń wálé. Ta ló máa wá tọ́jú ọmọ? Aládùúgbò wa ní Anglo Jos, obìnrin Hausa kan tó ń dín másà, àkàrà ìrẹsì wọn, níwájú ilé rẹ̀, ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ náà ti máa ń dúró dè mí bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Gwaggo ló ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé e wá sí Plateau nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò sì padà mọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà, òun gan-an ń wá ẹni tó máa bá òun se ọbẹ̀. Ó fẹ́ kí n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Adó. "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni," ohun tó ń sọ láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú ni mo gbọ́dọ̀ fún Gwaggo lésì, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Fíìmù náà ò ju wákàtí kan lọ. Ẹyẹ kékeré kan yé ẹyin kan ṣoṣo. Ọ̀dá dá, omi tán, ẹyẹ ní láti fò kọjá òkè lọ wá omi. Ó bá gbé ẹyin rẹ̀ fún ahun tó ń gbé nídìí igi. Ahun jókòó ti ẹyin. Oòrùn pa á, ìjì jà lórí rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà, kò sẹ́ni tó pariwo, orin inú rẹ̀ pàápàá rọra ń lọ ni. Nígbà tó yá ẹyin là, ọmọ jáde, ìyá rẹ̀ dé. Ó tán.

Àmọ́ ìwọ fojú inú wo gbọ̀ngàn tí Yorùbá pọ̀ sí, kí ẹyẹ wá gbé ẹyin fún ahun níṣojú wọn. Bàbá kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, òmíràn pòṣé. "Ó ti jẹ ẹ́ tán," ni bàbá mi sọ sí mi létí. Ahun tí wọ́n fi àlọ́ sọ fún gbogbo wa láti kékeré pé olè ni, pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Láti ìgbà náà lọ, kò sí àgbà kankan nínú wa tó rójú wo òdòdó àti òkè tí wọ́n yà dáadáa yẹn mọ́. Ẹnu ahun là ń wò. Tó bá ti sún mọ́ ẹyin, bàbá mi á fi ìgúnpá gún mi. Nígbà tí ọmọ ẹyẹ yọrí tí ahun la ẹnu gbàgà, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Ahun kàn yán ni, ó sì sùn. Ojú tì mí díẹ̀, torí mo rí i pé èmi náà ti sé èémí.

Nígbà tí wọ́n tanná, mo ṣí ìwé mi. Èrò wọn ò bára mu rárá. Bàbá kan ní fíìmù náà falẹ̀ jù, pé òun sùn lẹ́ẹ̀mejì, òun jí, ahun ṣì wà lójú kan náà. Ìyá kan ní ó dùn mọ́ òun débi pé omi bọ́ lójú òun. Ìyá mìíràn, ará Oǹdó bíi ti ọkọ mi, ní irọ́ ni wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ. "Tí a bá sọ fún wọn pé ahun ń ṣọ́ ẹyin ẹlẹ́yin," ó ní, "kí ni wọ́n máa fi dáàbò bo ara wọn lọ́la?" Mo ń kọ, mo ń mi orí. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, mo gbà fún un. Bí ẹlòmíì bá ta kò ó, mo tún gbà fún ìyẹn náà. Nígbà tó yá mi ò mọ ohun tí èmi fúnra mi wò mọ́.

Gwaggo wà níbẹ̀, ọmọ mi ló fà á wá, itan rẹ̀ ló sì jókòó lé látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi Hausa béèrè pé kí ló dé tí àwa Yorùbá fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹyẹ gbé ẹyin kalẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rò ó wò. "Haba," ó ní, "lọ́dọ̀ tiwa, aláǹtakùn ni ọ̀dàlẹ̀ inú àlọ́. Ká ní aláǹtakùn ni wọ́n gbé ẹyin fún, èmi fúnra mi ni ǹ bá dìde lọ gbà á." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Àfi bí bàbá mi ṣe gba bírò lọ́wọ́ mi, tó fi ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ pé fíìmù náà tuni lára, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun tún un wò.

Inú bí mi. Ọmọ mi bá Gwaggo lọ. Nínú kéké tó ń gbé àwa méjèèjì lọ sílé, mo bi í pé, "Bàbá, kí lobìnrin yìí ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó yíjú sí òjò tó ń rọ̀ níta. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ó ní nígbà wàhálà kan, tí mo ṣì wà nílé ìwé ní Ìlọrin, wọ́n ní láti sá kúrò nílé. Òun kó àwọn ìwé ẹ̀rí òun, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi fún ọkùnrin Hausa kan tí ilé wọn jọ kángun síra. Ọjọ́ mọ́kànlá lòun ò fi gbúròó rẹ̀. Mo ti mọ ibi tí ìtàn yẹn ń lọ, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀.

"Kò dá a padà?"

"Ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó tiẹ̀ fi ọ̀rá wé àwọn ìwé náà kí omi má baà kàn wọ́n."

"Kí wá ni ẹ ń bẹ̀rù?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi sùn," ni bàbá mi wí. "Ọkùnrin yẹn ń ṣọ́ ẹrù mi, èmi ń ṣẹ́ èpè fún un nínú ọkàn mi. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà lọ máa jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní Abuja."

Mo ti rò pé kò fọkàn tán obìnrin náà ni, àṣé oorun mi ló ń rò. Ọ̀rọ̀ náà wá dàrú mọ́ mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí i tàbí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń di irun fún ọmọ mi, mo wá rántí pé n kò kọ èrò ọmọ kankan sílẹ̀. Àwọn la ṣe fíìmù fún, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Mo bi í pé ṣé ahun yẹn ò dẹ́rù bà á.

"Ahun kẹ̀? Ahun ò lọ síbì kankan," ó ní. "Ẹyẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Òkè yẹn jìn gan-an. Màmá, ṣé ó mọ hanya tó máa gbà padà?"

Hanya ló pe ọ̀nà, bí àwọn ọmọ Jos ṣe ń fi Hausa lú Yorùbá. Ìka mi dúró nínú irun rẹ̀. Gbogbo àgbà tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn, ahun là ń ṣọ́. A fi wákàtí kan gbáko ṣọ́ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n fi í sí, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó ro ti ẹni tó fò lọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bàbá mi ń wo ẹ̀yìn, mo mọ̀, ó sì ní ìdí. Èmi tí mo wà láàárín, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mò ń wò.

Gwaggo ni mo fi ọmọ sílẹ̀ fún. Mi ò lè sọ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo ṣe é, torí kò balẹ̀. Ìlérí kan ṣoṣo tí mo ṣe fún ọmọ náà ni pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì méjì, màá wálé ní Sátidé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé, ó jókòó nídìí agbada Gwaggo, epo ti yí i lẹ́nu. Bàbá mi jókòó tì í lórí àga tó gbé wá láti ilé, òun náà ń jẹ másà. Gwaggo ní ojoojúmọ́ ló ń wá. Mo bi bàbá mi bóyá ó wá ṣọ́ wọn ni tàbí ó wá bá wọn ṣeré, ó ní kí n jẹ́ kí òun jẹun. Títí di òní, mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ mi ò sáré wá dì mọ́ mi bí mo ṣe ti ń fojú inú rò ó láti ọ̀nà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, eruku mọ́tò lára mi, báàgì lọ́wọ́ mi. "Ẹ mọ hanya," ó ní, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá mo fọkàn tán ẹni tí mo ń fi ọmọ mi tì, ìbéèrè mìíràn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn ni bóyá ọmọ náà fọkàn tán èmi.