Obìnrin Tó Jẹ́ Ọkọ Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi figbe ta nínú yàrá. Ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́, òórùn kíkan gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Diobu, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé. Ó fi aṣọ asẹ́ sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé látìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Bàbá mi ti wọ rélùwéè lọ ra ọjà ní Jọ́ọ̀sì, ìyá mi sì ń rọbí. Ọmọ náà dábùú sínú, kò lè jáde. A gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù.

Òórùn ìsáàlì tí wọ́n fi ń fọlẹ̀ ń ta èèyàn nímú níbẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Nọ́ọ̀sì mú bébà tí ọkọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ wá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Where her husband?"

"Na me," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

Kò ṣàwàdà o. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti wọlé wa ló ti ń kúnlẹ̀ kí i, tó ń pè é ní ọkọ mi, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ obìnrin.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Mama, na man we dey find o."

"Na me marry am give my brother. Bring the paper!"

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú. Ògì ti gbẹ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ká bébà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohùn ìyá mi ń ta sí wa láti inú. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ ọ mọ́, ìyẹn ló wá já mi láyà jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde sí títì, ó lọ bẹ télọ̀ ará Ìlọrin kan tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ò rí ìyá mi rí láyé. Ó wọlé, ó tẹ̀ka, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Ṣòkòtò tó wọ̀ ti tó.

Ìyá mi yè é. Ọmọ ti kú.

Ọjọ́ tó padà sílé, ó fi ọwọ́ di ojú ọgbẹ́ mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ọkọ mi."

"Dìde! Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ wo? Ọkọ tí àtàǹpàkò rẹ̀ ò tó ti télọ̀ ẹnu ọ̀nà?"

Kò sì dáhùn orúkọ náà mọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n ni ìyá mi ń pè é.

Èmi náà ti dàgbà. Àwọn ìyàwó àbúrò mi ń kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ń pe èmi obìnrin ní ọkọ mi, mo sì ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń korò lẹ́nu mi. Ẹ̀tàn ni mo ka oyè náà sí. Obìnrin ni ọmọ tí a sin yẹn. Ó ṣì wà láàyè nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi na àtàǹpàkò rẹ̀ sí nọ́ọ̀sì.