Ojú Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kánádà

Ọyẹ́ mú ní àárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mi ò rí òrùlé ilé kejì láti ojú fèrèsé mi ní Pápá Àjàó. Eruku bo gbogbo aṣọ tí mo sá sórí okùn láti àná, ètè mi sì ti là kí n tó kírun àárọ̀ tán. Mo rántí rẹ̀ dáadáa nítorí pé ojú mi ni mo ń rò. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ lọ ya fọ́tò físà, ọyẹ́ sì ti sọ ojú mi di funfun bí ojú ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Mo bu òrí, mo fi ra ojú títí tó fi ń dán.

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní Kánádà, òun àti ọkọ rẹ̀. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a jókòó, nítorí ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Ẹ̀kẹta yìí ti wọ oṣù keje. Dókítà ní kó máa dùbúlẹ̀, kó má gbé ohunkóhun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, èmi ló kù. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní, "Màámi, ẹ̀rù ń bà mí níbí," ó sì yí ọ̀rọ̀ padà, ó ń sọ̀rọ̀ òjò dídì. Mo mọ ọmọ mi. Tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó bímọ, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá, ìlú òyìnbó ò wù mí rí.

Ó ka gbogbo òfin fọ́tò náà sínú fóònù kí n lè máa gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́túngbọ́, nítorí ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ funfun, kó má ní òjìji. Kí n má wọ awò ojú. Ìborùn kò burú nítorí ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n kí gbogbo ojú hàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kí n má rẹ́rìn-ín. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé onílé á kọ́kọ́ tújú ká kó tó kan ilẹ̀kùn. Àwọn wọ̀nyí ní kí n fajú ro kí àwọn tó jẹ́ kí n wọlé. Òfin tó kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un sọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tún ojú náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán. Mo gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbọ́.

Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán náà wà. Ọkùnrin tó tó àkọ́bí mi ni, ó sì ní ọ̀yàyà. Fọ́tò ọjọ́ìbí àti ti ìgbéyàwó ló kún ara ògiri rẹ̀, gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ló ń dán bí àwo. Ó fi mí jókòó síwájú aṣọ funfun, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní òrí tí mo fi ra ojú ń ta iná padà sí òun lójú, pé tí òun bá yà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á rò pé gílóòbù ló ń wá físà. Ó fún mi ní tíṣù, mo nù ún. Ó wá ku ti ẹ̀rín. Bí mo ṣe ń gbìyànjú kí n má rẹ́rìn-ín náà ni ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Ó ní, "Màmá, ẹ wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jí ẹran Iléyá yín." Mo wò ó bẹ́ẹ̀. Ó yà á.

Ó yẹ kí n sọ ti ilà ojú mi kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mushin ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, wọ́n sì gbé mi lọ sílé ní ìkókó kí wọ́n lè kọ gọ̀m̀bọ́ fún mi. Ilà náà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti apá etí wá sí apá ẹnu, lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí wọ́n fi máa bí àbúrò mi obìnrin, àṣà náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọn ò kọ tirẹ̀. Ní ilé ìwé, ológbò ni àwọn ọmọ ń pè mí. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á máa ké bí ológbò. Ìyá mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ọjọ́ tí a bá kọlà ni oró rẹ̀, bó bá jinná tán, ó di oge. Mo dúró de oge náà títí. Mo kọ́ṣẹ́ rírán aṣọ ìjókòó ọkọ̀, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sin ọkọ, ilà ò di oge lójú ara mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí abẹ́rẹ́ àti fóòmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ kì í ráyè wo dígí púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yí i kọjá.

Ayàwòrán gbé ojú mi sórí kọ̀ǹpútà. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń fi àkísà nu tábìlì, ibi tó bá sì kàn, ilà á lọ. Kò bi mí. Gbogbo ẹni tó ń wá síbẹ̀ ló ń fẹ́ kí ojú àwọn jọ̀lọ̀, lójú tirẹ̀, oore ló ń ṣe mí. Nígbà tó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi, mo rí obìnrin kan tó wé ìborùn mi, tó ní imú mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ti ọmọ tuntun. Ó jọ àbúrò mi. Ayàwòrán béèrè bóyá ó dáa. Mo rántí ohun tí ọmọ mi sọ lẹ́ẹ̀mejì, mo rántí rẹ̀ kedere, ẹnu mi yìí náà ni mo sì fi dáhùn pé ó dáa. Mo tún ní kó tẹ ńlá kan fún mi, tí n ó gbé kọ́ sí yàrá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà bí ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirí.

Ọkọ ọmọ mi ló ń bá wa to ìwé, torí náà fóònù rẹ̀ ni ayàwòrán fi fọ́tò ránṣẹ́ sí. Ọmọ mi ò rí i, wọ́n ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó fi kún ìwé yòókù, ó fi ránṣẹ́. Mo rò pé kò fura ni. Ó fura. Ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́ fún mi pé òun wo fọ́tò náà títí, òun gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pásípọ́ọ̀tù mi tí ilà ti hàn ketekete, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni òun fẹ́ fi bi ìyá ìyàwó òun pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilà ojú yín dà?" Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ náà àti ìdákẹ́ tèmi ni wọ́n jọ dá wa dúró.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi retí èsì. Oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án kó tó dé. Wọ́n ní ojú tó wà nínú fọ́tò kò bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu, kí a fi òmíràn ránṣẹ́, àwọn ò lè tẹ̀ síwájú láìrí i.

Ọ̀sán ni ọmọ mi, tó ti wá rí fọ́tò náà, pè mí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìjókòó ọkọ̀ kan wà níwájú mi tí mo ti tú aṣọ lára rẹ̀. Kò kí mi pẹ́.

"Màámi, fọ́tò ta ni ẹ fi ránṣẹ́?"

Mo ní tèmi ni.

"Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi náà ru ayàwòrán, pé kò bi mí, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ràn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá béèrè bóyá mo rí fọ́tò náà kó tó kúrò lọ́dọ̀ ayàwòrán. Mo gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n lórí fóònù náà, mi ò lè purọ́ fún un. Mo sọ òótọ́ fún un níkẹyìn, pé mo rí i, pé mo rántí ohun tó sọ, pé ó wù mí ni.

Mo rò pé yóò bínú. Ó mí kanlẹ̀.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí oorun ò bá tètè gbé mi, ilà yín ni mo máa ń fi ìka kà, láti apá etí wá sí apá ẹnu. Mi ò kà á tán rí kí n tó sùn lọ. Níbí yìí, tí mo bá dùbúlẹ̀ èmi nìkan, òun náà ni mo ń kà lọ́kàn. Ẹ lọ gbé e padà, Màámi. Bí ẹ ṣe rí ni kí ẹ ṣe máa bọ̀."

Mi ò mọ̀ pé ó ń kà á. Ní gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé ó kàn ń fọwọ́ pa mí lójú ni.

Kí n má fi nǹkan kan pamọ́, mi ò bá ìbí náà. Físà jáde, ṣùgbọ́n ọmọ ti pé ọjọ́ mọ́kànlélógún kí n tó gúnlẹ̀. Obìnrin ará Gánà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló bá a lọ sí ilé ìwòsàn, ọwọ́ tirẹ̀ ni ọmọ mi dì mú. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ orúkọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ìyá yè, ọmọ yè, Alhamdulilahi. Ọmọ mi ò bá mi sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà, ó ti di ọdún kẹta báyìí. Èmi ni mo máa ń rántí, tí mo bá jókòó tí iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́, pé ìtìjú tí mo ti ń gbé kiri láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo gbé lé ọmọ mi lórí ní ọjọ́ tí ẹrù tirẹ̀ wúwo jù.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tó pè mí yẹn, ilẹ̀ mọ́, mo gòkè padà lọ bá ayàwòrán kan náà. Mo ní kó yà mí, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Màmá, ó máa hàn gan-an o." Mo ní kó hàn. Mo dúró tì í níbi kọ̀ǹpútà títí tó fi fi ránṣẹ́ lójú mi.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, bàbá àgbàlagbà kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò ìwé lé itan, àbàjà mẹ́rin mẹ́rin wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun náà wá ya fọ́tò físà, ọmọ rẹ̀ ló ń pè é. Mo kí i, mo rọra sọ fún un pé kó kìlọ̀ fún ayàwòrán kó tó jókòó, torí ó máa ń fi kọ̀ǹpútà pa ilà ojú rẹ́.

Bàbá náà gbójú sókè, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó lè pa á rẹ́ lóòótọ́?"

Mo mọ ohùn yẹn, irú rẹ̀ ti wà lẹ́nu tèmi náà rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè pa á rẹ́. Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà títí tó fi kàn án, mo sì bá a wọlé.