Ọjọ́ Tí Bàbá Àgbà Fi Mí Jọba ní Roodepoort

Ọjọ́ tí bàbá àgbà gun ẹṣin ní Roodepoort ni n kò lè gbàgbé. Ní Ìlọrin, ẹlẹ́ṣin tó ń ṣọ́ ọba ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí a ti háyà ẹṣin tán, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń kí ọba lọ́jọ́ Iléyá.

Wọ́n ní, "Dúró síbẹ̀ yẹn. Ìwọ lọba."

Ni ẹṣin wọn bá ki eré mọ́lẹ̀, ó dojú kọ mí.

"Bàbá, ẹ rọra o!" ni màmá mi ké.

Ẹṣin dúró gbọn-in níwájú mi. Bàbá àgbà na ẹ̀ṣẹ́ sókè: "Kábíyèsí!"

Wọ́n ní mo ṣe bí ọba gidi, n kò sá. Títí dòní, n kò tíì jẹ́wọ́ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ni kò gbé.