Ohùn Inú Kọ̀ǹpútà Olùkọ́ Ìtàn

Òórùn kòkó tí wọ́n sá ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀wàrà. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá òórùn eruku gbígbóná tí àwọn kọ̀ǹpútà ń tú jáde nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ilé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa kòkó ju èyí tí wọ́n ń pò mu lọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí mo bá níbẹ̀, kò sí èyí tó wù mí í tọpinpin tó kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà ní kọ̀rọ̀, èyí tí olùkọ́ ìtàn wa ń lò.

Olùkọ́ ìtàn yìí kò ríran. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, àgbà tó lè bí mi lọ́mọ, aláwàdà sì ni. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè, òun á sì máa gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ tó dé mọ́ etí. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Ó bọ́ ẹ̀rọ náà fún mi. Háà! Ohùn ọkùnrin kan tó ń fi imú sọ̀rọ̀ ni, ó sì ń yára bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ẹ̀wà gbígbẹ sínú abọ́ onírin. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Kí ló ń wí, bàbá?"

"Ó ní ọmọ Òṣogbo ń fi àkókò mi ṣòfò."

Ohùn onímú yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹlòmíràn ló máa ń bá a kọ ọ́, lọ́dún kan sì rèé, àwọn ọmọ ti mọ ìbéèrè kí ìdánwò tó dé. Títí dòní kò mọ ẹni tó tú àṣírí. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá," ló wí, "kì í ṣe tèmi nìkan mọ́."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀hún, àwọn tó ṣe é sì ti kéde pé àwọn ò tún un ṣe mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú rẹ̀, ó sì ti gba ojú fíláàṣì tí a fi ń gbé iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì ran àwọn yòókù. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi kọ̀ǹpútà tuntun ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ọ̀gá àgbà pe ìpàdé: ṣé ká gbé èyí àtijọ́ dànù ni, àbí ká fi í sílẹ̀? Olùkọ́ ìtàn wà ní kíláàsì lásìkò náà. Mo ṣàlàyé ewu tó wà ńbẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń jókòó ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, dìde.

"Ẹ tún fẹ́ fọ́ bàbá lójú lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ọ̀gá àgbà ní ká fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sáyè rẹ̀, kó má sáà ti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Inú gbogbo wa dùn sí àánú tí a ṣe, èmi ni mo sì sáré lọ fún olùkọ́ ìtàn níròyìn ayọ̀.

Ó gbọ́ mi dé ìparí. "Gbogbo yín wá jókòó, ẹ bá mi pinnu?" "Àwọn tuntun yẹn, ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, bàbá. Ohùn wọn ju ẹyọ kan lọ pàápàá."

"Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi!" Ó ti dìde. "Ojú ni mi ò ní, ọmọ Òṣogbo. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mi ò fẹ́ mọ nǹkan tuntun?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo bá fi àwàdà bò ó. "Ṣebí ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń kì pé ẹ ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko?"

"Àwa náà ni. Ìṣáná ti wá dé oko báyìí. Mú mi lọ, jẹ́ kí n ṣá a wò."

Ohùn obìnrin ló jáde nínú tuntun náà, ó tutù, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Bàbá ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo nílé ọkọ. Àmọ́ kò rọrùn o. Àwọn bọ́tìnnì tí ìka rẹ̀ ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, odindi ojú ìwé tó tẹ̀ pòórá, ó gbá tábìlì, ó sì padà sọ́dọ̀ onímú rẹ̀. Àyà mi já, nítorí ìdánwò ti ń sún mọ́lé, ẹ̀rọ àtijọ́ sì ti ń kú, ó ń jí. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹnu ẹlòmíràn ló tún kù. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó tì í, mo di ojú mi, a jọ ń fi etí wá ojú ìwé náà kiri. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó nínú òkùnkùn. A rí i nígbà tó yá: kò sọnù rárá, ẹ̀yìn ojú ìwé mìíràn ló wà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, látọjọ́ náà ló sì ti ń mú kí ohùn yẹn máa yára sí i, títí ìyàwó fi ń da ẹ̀wà.

Nígbà tí ìdánwò dé, orí tuntun ló ti tẹ ìbéèrè rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi ahọ́n lẹ àpò ìwé náà pa, ó sì gbé e dé ọwọ́ ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ẹ lè wá gbé ti kọ̀rọ̀ yẹn wàyí." Inú mi dùn débi pé omi lé ròrò sí mi lójú.

Òṣogbo ni mo wà báyìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Old Garage, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni bóyá kí àwọn máa lo Windows àtijọ́ lọ tàbí kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ ewu rẹ̀ lórí, mo sì máa ń sọ ọ́. Àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń lò ó. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ti ìyá rẹ̀ wá, ó ní kí n sáà bá àwọn rọ́jú tún àtijọ́ náà ṣe, pé màmá ò lè mọ tuntun lò láéláé.

Mo ní kó lọ mú màmá wá.