Àkàrà fún Àwọn Tó Wá Wo Ilé

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní kékeré, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ilé ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Tí mo bá dúró lójú fèrèsé yàrá mi ní Huntstown, ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń gbé bíríkì sókè ni mo máa ń rí káàkiri. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, àwa nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní àdúgbò wa. Kò pẹ́ tí àwọn Yorùbá fi pọ̀ níbẹ̀ débi pé "Ẹ kú àárọ̀ o" kì í jẹ́ kí Mọ́mì tètè dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, tó bá ń lọ sí ọjà ní Moore Street. Mo fẹ́ràn ilé yẹn gan-an. Koríko tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀, ilé ìwé mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àmọ́ ilé kì í ṣe tiwa o, a háyà rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, lanlọ́ọ̀dù wa wá jókòó ní kíṣìnì, ó ní ilé ti gbówó lórí, òun fẹ́ tà á. Tí kò bá tà kí ilé ìwé tó wọlé padà, ó ní ká máa gbé ibẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ṣoṣo ni Mọ́mì ń gbà láràárọ̀: kí Ọlọ́run darí àwọn tó fẹ́ rà á síbòmíì.

Àárọ̀ Sátidé ni ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá lanlọ́ọ̀dù ta ilé máa ń kó wọn wá, ìgbà yẹn gan-an ni Mọ́mì sì ń dín àkàrà. Èmi ni mo máa ń bó ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè. Omi tútù yẹn! Ìka mi á hun jọ bíi ti arúgbó, tí mo bá sì fi èèpo sílẹ̀, màá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírìjì, màá gbọ́wọ́ sókè. Ẹ́jẹ́ǹtì bẹ Mọ́mì pé kó má dáná mọ́ nítorí òórùn epo. Mọ́mì gbọ́ tán, ó kó àkàrà sínú àwo fún un. Ó jẹ ẹ́, ó ní "Grand!", ìyẹn ni pé ó dùn gan-an, ó tún nawọ́ sí òmíràn. Bí Mọ́mì ṣe ń bọ́ gbogbo àwọn tó ń wọlé nìyẹn, pẹ̀lú tíì gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ náà sú Dádì. "Ìyá Fúnmi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ra ilé yìí ni àbí o ò fẹ́?"

"Kí èèyàn wọlé mi, kó jáde láìfi nǹkan kan ẹnu? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa o."

Nígbà tí ìsinmi ku díẹ̀ kó parí, tọkọtìyàwó kan dé, oyún ìyàwó ti yọ síta dáadáa. Mọ́mì fi í jókòó, ó gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé àkàrà fún un. Obìnrin náà jẹ, ó wo kíṣìnì yíká, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ò tíì wọ ilé tó tu òun lára tó báyìí. Mo wo ojú Mọ́mì, mo rí i pé ó ti mọ̀. Síbẹ̀ ó tún di àkàrà sínú ike kí wọ́n mú lọ sílé.

Àwọn ló rà á. Clondalkin, apá ibòmíì ní Dublin, la kó lọ, mo sì sunkún títí a fi débẹ̀. Mo bínú sí ìyá mi fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má purọ́, ẹ̀yin náà ì bá bínú.

Láyé ìgbà yẹn, ẹ́jẹ́ǹtì ló ń wá ẹni tó máa ra ilé. Ní báyìí, ìlà àwọn tó fẹ́ ra ilé á ti gùn dé ìta géètì, ẹnì kan ò ní kí ẹnì kejì. Èmi náà ti dàgbà, mo ti ń wá ilé rà. Lóṣù tó kọjá, èmi àti Mọ́mì lọ wo ilé kan ní Huntstown, ó sì wù mí gan-an. Obìnrin ará Brazil kan tó ń háyà rẹ̀ dúró ti síńkì, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn láṣọ. Gbogbo wa ń wo ògiri, a ò wo ojú wọn. Àfi Mọ́mì. Ó ṣí báàgì, ó yọ ike àkàrà, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Fúnmi, jẹ́ ká máa lọ. Ilé yìí ní ẹni tó ń gbé inú ẹ̀."

A lọ. Mi ò tíì rí ilé rà títí di òní. Àmọ́ Sátidé náà ni wọ́n ṣì máa ń ní ká wá wo ilé, torí náà mo máa ń bó ẹ̀wà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè.